Abala Kejì Tí Mo Sọ Lórí Rédíò

Títí di òní, àwọn èèyàn tó bá pàdé mi ní ọjà Ifangni ṣì máa ń ní kí n sọ bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún àwọn. Wọ́n á di apá mi mú, wọ́n á ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lórí rédíò láyé Ìyípadà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé ohùn ti lọ. Irọ́ ni. Ohùn wà níbẹ̀ digbí. Mo kàn mọ ohun tí ohùn náà ṣe ni.

Orí agbá epo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ní etí pápá ilé-ìwé wa. Mo ká paanu ògbólógbòó kan rógódó, mo ń fi í sọ̀rọ̀ sókè, mo sì ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọn kò rí nǹkan kan. N kì í pe orúkọ àwọn tó ń gbá a. Orúkọ pọ̀ jù lọ́rùn èèyàn ní Ifangni: ti ilé ọ̀tọ̀, ti ìwé ọ̀tọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ọ̀tọ̀, tí o bá sì pe èyí tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́, ìjà dé nìyẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ ìyá wọn ni mo fi ń pè wọ́n. Mo ń ní ọmọ onígàrí Lagbé ti gbà á, ó ti fún ọmọ aláta Daagbé, ọmọ ẹlẹ́kọ ti já a gbà. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí obìnrin tí bọ́ọ̀lù kàn ní ìlú wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń pe gàrí àti ata wọn nínú eré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wá.

Ọmọ elépo ló máa ń ṣọ́ ilé, ìyẹn ojú àwọ̀n, fún wa. Èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ni. Ìyá mi kú nígbà tí n kò tíì mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ ló sì gbà mí sọ́dọ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ló ti ń fún epo, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta kan, epo pupa á dé orúnkún wọn nínú kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ èyin. Àwo kan náà ni èmi àti ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ gùn. Kí n tó fọ ọwọ́ tèmi tán, ẹja ti kúrò nínú ọbẹ̀. Mo máa ń bú u pé inú àwo ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ́lé, ìyá á máa rẹ́rìn-ín, á sì tún bu ẹja mìíràn fún mi.

Ìyípadà wá dé, ìyẹn ìjọba tuntun tí àwọn sójà gbé kalẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Ehuzu, èdè àwọn ará ìsàlẹ̀ ọ̀hún. Gbogbo wa di kamaradi, ẹlẹgbẹ́ ara wa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá arúgbó tí kò mọ ìwé kankan á kí aya rẹ̀ ní kamaradi láàárọ̀, ìyẹn á sì bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Délégé, olórí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn fún wa, gba paanu mi, ó ní kí n máa fi í pe àwọn èèyàn sí oko àjùmọ̀ro. Bí mo ṣe di ohùn ìlú nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ rédíò ń rìnrìn àjò káàkiri, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń sọ bọ́ọ̀lù ní Lagbé. Ó bi mí ìdí tí mo fi ń pe àwọn ọmọ náà pẹ̀lú iṣẹ́ ìyá wọn. Kí n tó la ẹnu, délégé ti dáhùn, ó ní láti bu ọlá fún àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé, inú rẹ̀ dùn gan-an. N kò já délégé nírọ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n fi míkírò lé mi lọ́wọ́, mo sì di ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù ní èdè wa fún gbogbo ìlú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n mú ọmọ elépo lọ sí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa, ní Àjàṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ra rédíò kan láti òdìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà. Ó dojú odó délẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, ó gbé rédíò náà lé e, tí bọ́ọ̀lù bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń tẹ èyin. Àwọn obìnrin náà á jókòó yí odó ká pẹ̀lú ẹsẹ̀ pupa wọn, wọ́n á máa dúró kí n sọ pé ọmọ elépo ti gbá a mú. Tí mo bá sì ti sọ ọ́, wọ́n ní igbe tí ìyá máa ń ké a máa dé ojú ọ̀nà. Mo mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí tirẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọjọ́ àjọ̀dún ni. Àwọn àlejò pọ̀ ní pápá Àjàṣẹ́, àsíá wà káàkiri, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gbọ́ wa. Abala kìíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wá sí ẹnu ilé. Ọmọ elépo jáde, ó fò, ó sì mú un lókè. Ẹni tó ń sáré bọ̀ kò lè dúró mọ́. Orúnkún rẹ̀ bá a lábẹ́ àyà. Ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò sì dìde.

Mo sọ pé ọmọ elépo ti gbá a mú. Mo sọ pé ó ń sinmi díẹ̀. Lákòókò yẹn, òótọ́ ni mo gbà pé mò ń sọ. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn àwọ̀n, rẹfirí sì fọn fèrè ìsinmi.

Mo fi míkírò sílẹ̀, mo sáré lọ bá wọn. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti tẹ́ ẹ sórí koríko. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó mi orí, ó sì yí ojú sápá kan. Máyò, ìyẹn aṣọ bọ́ọ̀lù, kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní fún aṣọ́lé, èyí tó ní apá gígùn, aláwọ̀ ewé. Ojú mi ni wọ́n ti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ́lé kejì dúró síbẹ̀, ọmọ aránṣọ kan láti Àjàṣẹ́ níbẹ̀, tí kò tíì wọ pápá rí láti ìgbà tó ti wà nínú ẹgbẹ́. Ó ń fà sẹ́yìn. Ó ní òun kò wọ̀ ọ́. Òógùn ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbẹ lára máyò náà nígbà tí wọ́n fi wọ ọmọ náà.

Mo padà sídìí míkírò. Ẹni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wa wá lè má mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ní àgbègbè wa, a kì í ju ọ̀rọ̀ ikú ọmọ sí ìyá létí láti òkèèrè. Àwọn àgbà ló máa ń lọ, ní àárọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á ní ara ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Àwọn obìnrin méjì á ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á fi máa sún mọ́ ọn, títí ìyá fúnra rẹ̀ á fi mọ̀, tí ọwọ́ èèyàn á sì ti wà lára rẹ̀ kó tó ṣubú. Èmi wá jókòó sídìí nǹkan tó ń wọ etí rẹ̀ tààrà, lórí odó, láàárín àwọn obìnrin tí ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ní wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ́lé, á béèrè ìdí. Tí mo bá dákẹ́, á mọ̀.

Abala kejì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan tó le gan-an, ẹni tó wà nínú máyò aláwọ̀ ewé fò sí ọwọ́ òsì, ó sì mú un. Mo la ẹnu mi, mo ní, "Ọmọ elépo ti gbá a mú."

Lẹ́yìn èyí, kò sí ọ̀nà àbọ̀ mọ́. Ọmọ aránṣọ ń fò, èmi ń pe ọmọ elépo. Kí n má purọ́ mọ́, ọmọ náà dára. Ìbẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀. Ó mú bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ì bá má lè mú, ó fi ìka ta ọ̀kan jáde lábẹ́ igi òkè, a sì fi ayò kan ṣoṣo borí. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbé fún òkú. Ojú mi ń ṣomi tí n kò fi rí pápá dáadáa mọ́, àwọ̀ ewé yẹn nìkan ni mò ń rí.

Àwọn àgbà lọ bá ìyá lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Wọ́n ti sin ọmọ náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí a kì í jẹ́ kí òbí rí sàárè ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn obìnrin sọ fún mi pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ó jó. Ó bu epo fún gbogbo ilé tó yí i ká láìgba nǹkan kan. Mo ti gbìyànjú láti dárí ji ara mi lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ijó yẹn, n kò tíì lè ṣe é.

Mo rò pé wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́. Mo tilẹ̀ ti di ẹrù mi. Ọ̀gá kan pè mí wọlé, ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Kamaradi, o ò jẹ́ kí ọjọ́ àjọ̀dún bàjẹ́. A kò ní gbàgbé." Wọn kò sì gbàgbé lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí bọ́ọ̀lù ńlá kan tí wọn kò fi tèmi ṣáájú. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn fi mọ̀ mí, orí abala kejì yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Ní Ifangni, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ kan tó lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà padà wá sọ pé òun rí i nígbà tí ọmọ elépo ṣubú, òun sì rí ẹlòmíràn nínú ilé lẹ́yìn náà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. Wọ́n bi í bóyá òun ló gbọ́n ju rédíò lọ. Ìyá ló le jù nínú wọn. Ó ní ọmọ òun mú bọ́ọ̀lù títí tó fi parí, ohùn ọmọ tí òun fi oúnjẹ òun tọ́ dàgbà ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni nǹkan ṣe é, ọwọ́ èèyàn sì wà níbẹ̀. Ta ló ń fẹ́ ipò rẹ̀?

Ọmọ aránṣọ fúnra rẹ̀ ló rìn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó wọ bàsé, ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́, ó wá kí ìyá. Ó ti fọ máyò náà, ó ti fi irin lọ̀ ọ́, ó gbé e lé ọwọ́ méjèèjì. Ó ń sunkún. Èmi wà níbẹ̀. Ìyá wò ó, ó ní ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó gba máyò náà, ó sọ ọ́ sí àárín ilẹ̀, ó sì ní kó jáde kí òun tó pe ará ilé. Nígbà yẹn, wọ́n ń mú àwọn tí wọ́n bá fura sí pé wọ́n jẹ́ àjẹ́ káàkiri, gbogbo èèyàn ló sì mọ ohun tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè dà. Ọmọ náà yí ojú sí mi. Ó mọ ẹni tí mo jẹ́. Ó dúró dè mí kí n sọ̀rọ̀.

Mo wo ilẹ̀.

Ó lọ. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ti gba ẹnubodè kọjá sí Nàìjíríà. Mo ṣa máyò náà nílẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀, mo sì fi í sísàlẹ̀ àpótí mi. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ìyá ni mo ṣe dákẹ́. Ní ọdún kìíní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nítorí iṣẹ́ mi ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò rí ohun tó ń sọ.

Mo ń lọ sọ́dọ̀ ìyá lóṣooṣù. Mo ń mú píìlì, ìyẹn bátìrì rédíò, lọ fún un, nítorí kò yé gbọ́ mi. Á ní òun gbọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú, pé ohùn mi ti rẹ̀ díẹ̀, ṣé mò ń jẹun? Tó bá ń bu ọbẹ̀ fún mi, ẹja méjì ló máa ń fi sí i. Mo ń jẹ méjèèjì.

Bí àwọn ọdún Ìyípadà ṣe ń parí lọ, ẹnikẹ́ni kò kígbe nípa rẹ̀. A kàn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n má fi kamaradi bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sídìí míkírò, n kò sì mọ bí a ṣe ń kí èèyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ sí Ifangni. Ẹsẹ̀ ti mú ìyá, kò lè wọ kòtò epo mọ́, ó jókòó sí etí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bọ́ọ̀lù gíga yẹn títí dé ibi tí mo ti wo ilẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Kò sunkún. Ó bi mí bóyá bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọmọ òun nígbà tó ṣubú. Mo ní ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò jù ú sílẹ̀?"

"Kò jù ú sílẹ̀, Ìyá. Àwọn ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀, bíi pé epo ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló wá ń mú bọ́ọ̀lù tí mò ń jó sí?"

Mo ní ọmọ aránṣọ ni.

"Èyí tí mo lé."

Mo ní òun ni.

"Ó ní ìyá?"

Mo ní mo gbọ́ pé ó wà láyé, ní Àjàṣẹ́.

Ó wò mí nígbà náà, ojú tí kò fi wò mí rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Lọ́jọ́ kejì ni mo mú máyò náà jáde nínú àpótí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Kò ṣòro láti rí ìyá ọmọ aránṣọ. Obìnrin kékeré kan ni, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé alámọ̀ kan, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Mo kí i. Kí n tó sọ ẹni tí mo jẹ́, ó ti dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Ohùn yìí."

Mo tẹ́ máyò náà sórí tábìlì rẹ̀. Mo ròyìn fún un bí mo ṣe ròyìn fún ìyá, n kò yọ nǹkan kan. Ó ń fi ìka tọ ojú rírán apá máyò náà, bí àwọn aránṣọ ṣe máa ń ṣe láìmọ̀. Ó ní òun fúnra òun ni òun tún un rán nígbà tí ọmọ òun mú un wálé láti fọ̀ ọ́, nítorí wọ́n ti fà á ya níbi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí n kò mọ̀. Ó ní òun gbọ́ bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Ọmọ òun ti ní ó ṣeé ṣe kí òun wọ pápá lọ́jọ́ náà. Òun pe àwọn aládùúgbò, òun yá rédíò, wọ́n jókòó yí i ká títí tó fi parí, ẹnikẹ́ni kò sì pe ọmọ aránṣọ. Wọ́n dìde lọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tó ní, "Ìyá, mo gbá bọ́ọ̀lù lónìí, èmi ni mo mú gbogbo rẹ̀," ó dá a lóhùn.

Ó ní, "Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ní kó má dójú tì mí mọ́, gbogbo wa la gbọ́ rédíò."

Ó ní kò bá òun jiyàn. Láti ìgbà tó ti sọdá sí Nàìjíríà, ó máa ń fi ìkíni rán àwọn awakọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà.

Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọmọ òun mú un. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lórí rédíò. Mo dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti ń hu ewú, mo sì bẹ̀rẹ̀ abala kejì láti orí bọ́ọ̀lù ọwọ́ òsì yẹn. N kò gbàgbé ìkankan. Ọmọ aránṣọ ti fò, ọmọ aránṣọ ti gbá a mú. Ọmọ aránṣọ ti fi ìka ta á jáde lábẹ́ igi òkè. Ó di máyò náà mú sí àyà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo sọ ọ́ títí rẹfirí fi fọn fèrè, mo sì jókòó.

Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn aládùúgbò gbọ́.